Etí Júpítà mi kan búlúù, èkejì pupa: ṣé ADC ni kí n lọ rà?

Ọmọ Lágere
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Tẹlisíkóòpù Dobson ni mo ń lò (oní-dígí, tí a ń fọwọ́ tì sókè-sódò àti sọ́tùn-ún sósì), dígí rẹ̀ fẹ̀ tó 200 mm, f/6 ni, ìyẹn ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń pàdé jìnnà tó ìlọ́po mẹ́fà fífẹ̀ dígí náà. Mo ki Barlow 3x, lẹ́ńsì tó ń sọ àwòrán di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta, bọ̀ ọ́, mo sì so kámẹ́rà aláwọ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ 2.9 µm mọ́ ọn. Lálẹ́ àná, bí Júpítà ṣe yọ lókè òrùlé ilé tó kọjú sí tiwa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á, kò tíì ga ju dígírì 25 lọ láti etí ilẹ̀ (òkè àtàrí ni dígírì 90). Bákan náà ni gbogbo fídíò tí mo gbà rí: etí kan búlúù, etí kejì pupa, ìgbànú méjèèjì tó wà lójú rẹ̀ ò sì dá ṣáká.

Mo bèèrè níbòmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ẹni tí kò bá ti ní ADC (ẹ̀rọ kékeré tó ń tún àwọ̀ tí afẹ́fẹ́ fà ya ṣe kí ó tó dé kámẹ́rà) kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú pẹ̀lú pílánẹ́ẹ̀tì. Mo wo iye tí wọ́n ń tà á, ó lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là, a ò tíì sọ ti owó ẹrù àti kọ́sítọ́ọ̀mù. Ṣé dandan ni? Àbí dígí mi ló ní àléébù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Ìsọ̀kùn
Àbúrò, pa owó rẹ mọ́ ná. Kí ló ń lé ọ tó o fi ń ya Júpítà ní dígírì 25? Nílẹ̀ tiwa yìí, jẹun alẹ́ rẹ, fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, á gòkè wá bá ọ fúnra rẹ̀. Mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé tí iná bá dé. Láti Iléṣà ni mo ti ń kọ ọ́, fóònù mi sì ti fẹ́ kú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Físíìsì
Kí Bàbá tó padà dé, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń fà á. Afẹ́fẹ́ tó bo ayé ló ń ṣe é, dígí yín kọ́. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ wọ inú afẹ́fẹ́ máa ń tẹ̀, búlúù a sì máa tẹ̀ ju pupa lọ. Nítorí náà Júpítà tí kámẹ́rà yín rí kì í ṣe ẹyọ kan: ti búlúù wà lókè, ti àwọ̀ ewé tẹ̀lé e, ti pupa wà nísàlẹ̀, wọ́n gun ara wọn lórí láìbára mu tán. Dobson máa ń dojú àwòrán kodò, torí náà tẹ́ ẹ bá rí búlúù nísàlẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, kó má yà yín lẹ́nu.

Bó ṣe máa pọ̀ tó wà lọ́wọ́ bí pílánẹ́ẹ̀tì náà ṣe jìnnà sí àtàrí wa. Tó bá wà lókè orí gan-an, kò sí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá wọn ìyàtọ̀ tó wà láàárín búlúù 400 nm àti pupa 700 nm (nm ni wọ́n fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀), ní dígírì 45 ó tó bíi 1.4 arcsecond, ní dígírì 30 ó di 2.5, ní dígírì 20 ó sún mọ́ 4. Ẹni tí arcsecond bá ṣe àjèjì sí, kó pín dígírì kan sí ọ̀nà 3600, kó mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ojú Júpítà fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 50 lọ nígbà tó bá sún mọ́ wa jù.

Ẹ wá wo tiyín. Dígírì 25 fún yín ní bíi 3 arcsecond. Dígí 200 mm ní f/6 jẹ́ 1200 mm, Barlow sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 3600 mm, píksẹ́lì 2.9 µm lórí rẹ̀ ń gba bíi 0.17 arcsecond. Búlúù yín àti pupa yín ti fi bíi píksẹ́lì 18 jìnnà síra wọn! Bẹ́ẹ̀, ohun tó kéré jù tí dígí 200 mm lè yà sọ́tọ̀ kò ju nǹkan bíi 0.6 lọ. Ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti fa àwòrán yín gùn ní ìlọ́po márùn-ún ohun tí dígí yín lágbára láti rí.

Àwọn tó ń rìn lójú òkun mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé tó máa ń kọ mànà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì bí etí òkè oòrùn bá ń rì tán, ohun kan náà ló ń fà á.

Ìyá Kámẹ́rà Mọ́dákẹ́kẹ́
Akẹ́kọ̀ọ́, o káre. Ẹ jẹ́ n wá sọ ọ́ lédè ọjà. Ẹ wo àǹkárá olówó pọ́ọ́kú tí pupa rẹ̀ ò bọ́ sójú ilà tí wọ́n fà fún un, tí funfun ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí àwọ̀ méjì wá gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ohun tó ṣe Júpítà yẹn gan-an nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ká yẹ nǹkan wò ká tó dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi. Tí àwọ̀ àlùkò bá yí pílánẹ́ẹ̀tì ká látòkè délẹ̀, lẹ́ńsì ló ń ṣe é, ó wọ́pọ̀ lára àwọn tẹlisíkóòpù onílẹ́ńsì tí owó wọn ò pọ̀. Ti afẹ́fẹ́ kì í yí i ká. Ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra ló máa ń mú, búlúù níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún. Ọmọ Lágere, ṣe báyìí: fọwọ́ kan tẹlisíkóòpù rẹ, tì í sókè díẹ̀ láìyí i sọ́tùn-ún sósì. Wo bí Júpítà ṣe máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Tó bá gba ojú ìlà tó so etí búlúù pọ̀ mọ́ etí pupa rìn, afẹ́fẹ́ ni. Tó bá dábùú ìlà yẹn, nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ìràwọ̀ kan tó mọ́lẹ̀ lókè àtàrí, yà á. Bí etí aláwọ̀ bá ṣì wà níbẹ̀, Barlow ni kó o fura sí, tàbí kó jẹ́ pé o ò gbé e sáàárín. Àwọn Barlow kan wà tó jẹ́ pé tí pílánẹ́ẹ̀tì bá ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ báyìí, wọ́n á fún un ní àwọ̀ tí Ọlọ́run ò fún un.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London
Ẹ kú ilé o. Àwọn tó ní kó ra ADC ò purọ́, ojú ọ̀run tiwọn ni wọ́n ń wò sọ̀rọ̀. Ní 2019, Júpítà wà lápá gúúsù pátápátá. Ní London níbí, ibi tó ga dé jù lọ láàárín òru ò ju dígírì 16 lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, dígírì 60 ló ń gbà kọjá lórí Ifẹ̀ àti Iléṣà. Ẹ fi ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wọ̀n ọ́n: tiwa níbí 5 arcsecond, tiyín 0.8. Èmi tí mò ń ya Júpítà láàárín páìpù èéfín àwọn aládùúgbò, tí mi ò bá ní ADC, òṣùmàrè lásán ni màá máa rí. Mo ní in, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní Òkèsà ni mo wà báyìí, kò ní sí lára nǹkan mẹ́ta àkọ́kọ́ tí màá rà.

Ẹnjiníà Parakin
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtara lé ọmọ yìí sá fún ADC. Mo ní ọ̀kan, Ifẹ̀ náà ni mo ti ń lò ó.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ni pé, tẹ́ ẹ bá fi sọ́fútíwìà sún àwòrán búlúù lé àwòrán pupa lórí, ẹ ti tún ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọ̀ kan àti èkejì ṣe. Ẹ ò tíì fọwọ́ kan èyí tó wà nínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Búlúù kì í ṣe àwọ̀ ẹyọ kan ṣoṣo. Láti 400 dé 500 nm ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì ti fà gùn. Ní dígírì 45, búlúù nìkan fà tó bíi 0.8 arcsecond, àwọ̀ ewé bíi 0.4, pupa bíi 0.25. Torí náà tẹ́ ẹ bá ya àwòrán yín sí mẹ́ta, ẹ máa rí i pé pupa mú sáún-sáún, búlúù sì rí múlọ́múlọ́. Sọ́fútíwìà kankan ò lè tú ìyẹn. Púrísìmù ló lè tú u, torí pé kí ìmọ́lẹ̀ tó kan kámẹ́rà ló ti ń bá a wí.

ADC kò ju púrísìmù pẹlẹbẹ méjì tó ń yí lórí ara wọn. Tí wọ́n bá dojú kọra, wọ́n á pa agbára ara wọn. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń yà wọ́n síra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa tẹ búlúù padà sí ìdàkejì ibi tí afẹ́fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sí.

Ọmọ Lágere
Ẹ ṣé gan-an o. Àǹtí, mo ṣe ìdánwò tẹ́ ẹ sọ: mo tì í sókè, ojú ìlà búlúù àti pupa ló sì gbà rìn. Ìràwọ̀ òkè àtàrí mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà ti tún dà mí rú. Ṣé kí n rà á ni àbí kí n má rà á?

Bàbá Ìsọ̀kùn
Iná ti dé.

Ẹnjiníà, òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ nípa búlúù. Ṣùgbọ́n dígírì 45 lẹ fi ṣe ìwọ̀n. Ta ló rán wa lọ sí dígírì 45?

Ẹ wo ibi tí Elédùmarè gbé wa sí. Ifẹ̀ wà ní bíi dígírì 7.5 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Iléṣà ò sì ju ìyẹn lọ púpọ̀. Àwọn pílánẹ́ẹ̀tì ò sì jìnnà sí ọ̀nà tí oòrùn ń tọ̀, ọ̀nà yẹn kì í sì í kọjá dígírì 23.5 sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ara wọn: èyí tó bá lọ sí gúúsù jù lọ máa gba dígírì 59 kọjá lórí wa, èyí tó lọ sí àríwá jù lọ máa gba dígírì 74 níhà àríwá, àwọn kan láàárín wọn á sì gba àtàrí kọjá. Máàsì àti Àgùàlà lè sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń wo òkè, mi ò tíì rí Júpítà tó kọ̀ láti gòkè ní Ìjẹ̀ṣà.

Ní dígírì 65, gbogbo ìyàtọ̀ àwọ̀ náà ò ju bíi 0.65 arcsecond lọ, píksẹ́lì mẹ́rin lórí ẹ̀rọ rẹ. Búlúù tí Ẹnjiníà ń bẹ̀rù, fífà tirẹ̀ nìkan ò tó 0.4, ó kéré ju ohun tí dígí rẹ lè rí. Sún àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra wọn nínú kọ̀ǹpútà, ó parí. Àbúrò tó bá ní dígí 14-inch, ká jọ bá ara wa sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Dígí yẹn ń rí bíi 0.33, ADC á wúlò fún un ní dígírì 60 pàápàá. Ìwọ ò ní 14-inch.

Nǹkan kan wà tí àwọn ará òkè òkun ò lè kọ́ ọ, torí kì í ṣẹlẹ̀ sí wọn. Má dúró de àtàrí gan-an. Dobson kórìíra àtàrí. Tó o bá gbé e dojú kọ òkè tààrà, títì í sọ́tùn-ún sósì ò ní mú pílánẹ́ẹ̀tì kúrò lójú kan mọ́, á kàn máa pòyì, ìwọ náà á sì máa pòyì yí i ká nínú òkùnkùn títí wàá fi kọlu tábìlì kọ̀ǹpútà. Láàárín dígírì 60 sí 75 ni oyin wà. Pílánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba àtàrí wa kọjá máa ń lò tó wákàtí mẹ́rin lókè dígírì 60, méjì kó tó dé òkè, méjì lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá wà ní gúúsù pátápátá ò ní fún ọ tó wákàtí kan, ìyẹn ni kó o máa sáré fún.

Ní ti aago, rántí pé aago Nàìjíríà ń fi bíi ìṣẹ́jú 42 ṣáájú oòrùn Ifẹ̀. Torí náà alẹ́ tí pílánẹ́ẹ̀tì bá dojú kọ oòrùn, tí ayé wá wà láàárín wọn, kì í ṣe aago 12 òru ló ń dé òkè. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní 2026, bíi aago 12:50 ni Júpítà gba òkè wa kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ń fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá sí i lójúmọ́; lóṣù kan, wákàtí méjì. Ẹni tí kò bá lè ṣàìsùn lè dúró dìgbà tó bá ń gòkè ní aago mẹ́sàn-án. Ní oṣù Kejì 2027, Júpítà máa dojú kọ oòrùn láàárín ọjọ́ 10 sí 11, Máàsì máa tẹ̀lé e ní ọjọ́ 19. Ojú ọ̀run kan náà, òru kan náà, àwọn méjèèjì lókè wa. Ìgbà yẹn ni kí owó tó o fẹ́ fi ra ADC ti di àwọn nǹkan mìíràn.

Kí n tó gbàgbé: má gbé e sórí kọnkéré, má sì jẹ́ kí òrùlé páànù wà lábẹ́ ibi tó ń wò. Ooru ọ̀sán máa ń jáde lára wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa, á sì máa mì Júpítà jìgìjìgì. Inú koríko ni kó o wà. Iná títì Lágere ò ní ṣe é ní nǹkan kan, Júpítà mọ́lẹ̀ ju kí iná títì pa á lọ. O ò nílò láti wá òkùnkùn lọ sínú ọgbà OAU.

Ẹnjiníà Parakin
Bàbá, mo gbà fún yín lórí Júpítà àti dígí 8-inch, ìyẹn 200 mm rẹ̀. Ṣùgbọ́n màá ṣì padà wá lórí Àgùàlà.

Ìyá Kámẹ́rà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ẹ jẹ́ n sọ ti kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Fi FireCapture tàbí SharpCap, àwọn sọ́fútíwìà tó ń gba fídíò láti ara kámẹ́rà, gbà á. Gbà á ní RAW, bí kámẹ́rà ṣe rí i gan-an, má jẹ́ kí sọ́fútíwìà ya àwọ̀ rẹ̀ nígbà tó ń gbà á, fíríìmù tí wàá rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan á pọ̀ sí i. Júpítà ń yí ara rẹ̀ po láàárín wákàtí mẹ́wàá ó dín díẹ̀, torí náà fídíò kan kó má ju ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta lọ. Kó o ní fíltà tó ń dí UV àti IR (ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí, UV kọjá búlúù, IR kọjá pupa) lójú kámẹ́rà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò: ọ̀pọ̀ kámẹ́rà pílánẹ́ẹ̀tì ni dígí iwájú wọn ò dí IR, IR yẹn á sì wọnú àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á tún ìfàgùn náà fà gùn sí i.

Gbé fídíò náà sínú AutoStakkert, sọ́fútíwìà tó ń to àwọn fíríìmù léra. Máàkì RGB Align (tó ń sún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù léra) kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn fíríìmù. Nígbà tó bá parí, gbé àwòrán tó fún ọ sínú RegiStax, tẹ RGB Align tó wà níbẹ̀ náà, jẹ́ kí àpótí rẹ̀ gba gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì, kó o wá jẹ́ kó ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Ṣe èyí kó o tó fọwọ́ kan wavelet, ohun tó ń mú àwòrán múná. Tó o bá kọ́kọ́ mú àwòrán náà múná, etí aláwọ̀ yẹn á le gbagidi. Ọ̀fẹ́ ni AutoStakkert àti RegiStax.

Tó bá sì di dandan kó o ya nǹkan tó wà nísàlẹ̀, fíltà IR tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 685 nm ni kó o kọ́kọ́ rà, má tíì lọ sí ADC. Láti 685 dé 900 nm, ìfàgùn náà ò ju bíi 0.3 arcsecond lọ ní dígírì 45. Àwọ̀ á lọ, òun nìyẹn, dúdú àti funfun ni wàá rí. Ṣùgbọ́n ìgbànú Júpítà á dúró ṣinṣin, IR kì í sì í gbọ̀n bíi búlúù. Nígbà ọyẹ́ tí eruku Sàhárà ti gbé búlúù mì, mi ò ní fi nǹkan mìíràn ya Máàsì.

Ọmọ Lágere
Mo ti ki fídíò alẹ́ àná bọ AutoStakkert bí Àǹtí ṣe sọ. Ó ya mí lẹ́nu! Etí aláwọ̀ ti lọ tán. Mo wá ya àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà wò: nínú pupa mo rí àwọn ìdọ̀tí kéékèèké tó wà létí ìgbànú àríwá, nínú búlúù ìgbànú náà kàn jẹ́ ẹyọ kan tó nípọn. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Àwòrán dígírì 25 nìyẹn o. Lálẹ́ òní màá dúró de 60.

Ajá Òṣùpá
Ẹ dákun, ẹ má tíì pa ìjíròrò yìí. Ẹnjiníà dárúkọ Àgùàlà, wọ́n ò sì padà wá. Àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Èmi gẹ́gẹ́ bí ajá náà, òun ni mo fẹ́ràn láti máa yà, kì í sì í gòkè lálẹ́ rárá. Kí ni kí n ṣe?

Ẹnjiníà Parakin
Mo ti dé. Àgùàlà ni ìdí tí mo fi ra ADC.

Kì í fi ju dígírì 47 jìnnà sí oòrùn. Nílẹ̀ tiwa, ọ̀nà rẹ̀ dúró gangan lójú ọ̀run, torí náà ní ìgbà tó bá jìnnà jù, ó lè ga tó dígírì 40 bí oòrùn bá ń wọ̀. Ní dígírì 40, ìyàtọ̀ àwọ̀ jẹ́ bíi 1.7 arcsecond. Tó o bá dúró kí ilẹ̀ ṣú kó o tó bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó ti sọ̀ dé 25, o ti padà sí 3. Nítorí náà, gbàrà tí oòrùn bá wọ̀ tán ni kó o ti máa yà á, nígbà tí ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀. Ó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ò lè bò ó. Mẹ́kúrì burú jùyẹn lọ, òun ò kọjá dígírì 28 sí oòrùn rí.

Bí mo ṣe ń to ADC lórí Dobson: Barlow kọ́kọ́ wọlé, ADC tẹ̀lé e, kámẹ́rà gbẹ̀yìn. Má fi sí f/6 láìsí Barlow, púrísìmù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ní igun fífẹ̀ máa ń ba àwòrán jẹ́. Láti f/15 sókè ló ti ń ṣe dáadáa. Mọ̀ pé Barlow rẹ á tóbi ju 3x lọ díẹ̀, torí kámẹ́rà ti jìnnà sí i.

Ọwọ́ kéékèèké méjì ló wà lára rẹ̀. Pa wọ́n pọ̀ sójú òdo. Ìlà òdo yẹn gbọ́dọ̀ dábùú ìhà òkè àti ìsàlẹ̀ ọ̀run. Àwọn kan ní bọ́ọ̀lù omi tó ń fi hàn bóyá ó tẹ́jú. Lórí Dobson, má fọkàn tán bọ́ọ̀lù yẹn, torí pé bí ọ̀pá tẹlisíkóòpù ṣe ń dìde ni ihò kámẹ́rà ń bá a yí. Tí ihò kámẹ́rà rẹ bá yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tààrà, kí ìlà òdo náà bá ọ̀pá tẹlisíkóòpù lọ gbọọrọgbọ, kì í ṣe kó tẹ́jú mọ́ ilẹ̀. Tó bá yọ dàgẹ̀rẹ̀, lo ìdánwò Àǹtí: tì í sókè, wo ọ̀nà tí Àgùàlà gbà, kí ìlà òdo dábùú rẹ̀. Fi oje tí wọ́n ń kùn sí èékánná sàmì síbẹ̀. Lórí Dobson kò ní yí padà mọ́. Ẹni tó bá ń lo òpó equatorial, èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ láti bá ìyípo ayé lọ, ló máa ń tún un tò bí wákàtí ṣe ń lọ.

Wá ya ọwọ́ méjèèjì síra ní déédéé, ọ̀kan sókè òdo, ọ̀kan sísàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ wà lójú kọ̀ǹpútà. SharpCap àti FireCapture ní ibi tí wọ́n ti ń fi hàn ọ́ bí búlúù àti pupa ṣe ń sún mọ́ra. Tí etí aláwọ̀ bá ń fẹ̀ sí i dípò kó máa dínkù, òdìkejì lo ń yí i sí. Yí gbogbo rẹ̀ po sí ìdájì. Ní ìsàlẹ̀ dígírì 30, máa wò ó padà ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá. Tí pílánẹ́ẹ̀tì bá sì ti ga, pa ọwọ́ náà dé tàbí kó o yọ ọ́ kúrò, nítorí ADC tí a gbàgbé ní ṣíṣí ní dígírì 70 á fún ọ ní etí aláwọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò fún ọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní London
Ajá Òṣùpá, àwọn kan ń ya Àgùàlà lọ́sàn-án gangan nítorí pé ó ga nígbà náà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n dúró sínú òjìji ilé tó bo oòrùn mọ́ ọ lójú pátápátá, kó o má sì fi ojú wá a nínú lẹ́ńsì láìmọ ibi tí oòrùn wà. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí oòrùn bá wọ tẹlisíkóòpù, ojú ti lọ nìyẹn. Tí ọmọdé bá wà nínú àgbàlá, má ṣe é rárá.

Ajá Òṣùpá
Ẹ ṣé, mo gbọ́. Lẹ́yìn wíwọ̀ oòrùn ni tèmi. Ẹnjiníà, ṣé ẹ lè yá mi ní ADC yín fún ìrọ̀lẹ́ kan?

Ẹnjiníà Parakin
Wá sí Parakin, ká jọ yà á. Kì í jáde nílé.

Bàbá Ìsọ̀kùn
Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kó gbé e lọ! Àwa Òṣómàáló ń ta ọjà láwìn fún odidi ìlú.

Oníléńsì Fóònù
Ẹ jọ̀wọ́, àwa tá à ń fi fóònù yà á lójú lẹ́ńsì ńkọ́? Mi ò ní kámẹ́rà tó ń gba RAW, AutoStakkert ò sì ṣí fídíò mi.

Ìyá Kámẹ́rà Mọ́dákẹ́kẹ́
Ó ṣeé ṣe. Kọ́kọ́ fi sọ́fútíwìà PIPP yí fídíò fóònù rẹ sí irú fáìlì AVI, ọ̀fẹ́ ni, AutoStakkert á ṣí i lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ fọ́tò ẹyọ kan lo ní, ṣí i nínú GIMP, sọ́fútíwìà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, lọ sí Colors, Components, Decompose, yan RGB, á fún ọ ní àwòrán mẹ́ta tó gun ara wọn. Fi ti àwọ̀ ewé sílẹ̀ níbi tó wà. Gbé ti pupa, lẹ́yìn náà ti búlúù, fi bọ́tìnì àmì ọfà sún un ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan títí etí wọn á fi bá ti àwọ̀ ewé mu. Máa wo etí òkè àti ti ìsàlẹ̀, má wo àárín. Tí Júpítà bá ní òṣùpá rẹ̀ nínú fọ́tò náà, òun ló dára jù láti fi wọ̀n ọ́n torí ó kéré. Lẹ́yìn náà Recompose. Kó o pa ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ rẹ̀ dáadáa kó o tó yà á. Tí ojú Júpítà bá ti funfun gbòò, kò sí àwọ̀ kankan tó kù níbẹ̀ láti sún.